SSD wo ló yẹ sẹ́fà kékeré inú ilé tí iná ibẹ̀ kì í dúró?

AyọFótò (Ìbàdàn)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà orí pápá yìí. Fọ́tò òde ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni mò ń yà jẹun. Ohun tí mo ti kó jọ láti ọdún mẹ́fà ti di 1.3 TB, orí háàdì dísìkì alágbèéká méjì ni gbogbo rẹ̀ wà. Láti Sátidé tó kọjá ni ọ̀kan nínú wọn ti ń ké "kẹ́-kẹ́-kẹ́" bí ẹni ń fọ́ ẹ̀pà. Oorun ò wọ ojú mi mọ́.

Mo ní HP tòkunbọ̀ kan nílẹ̀, SFF (alára kékeré) ni, RAM rẹ̀ 16 GB, mo ti gbé OpenMediaVault, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà di sẹ́fà fáìlì, sórí rẹ̀. Mo fẹ́ kó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, kí èmi, ìyàwó mi, àti àbúrò mi tó ń bá mi tún fọ́tò ṣe lè máa mú nǹkan nínú rẹ̀. Ínfátà 1.5 kVA ló ń gbé ilé, bátìrì 12 V 220 Ah méjì. SSD (dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) 2 TB méjì ni mo ní lọ́kàn, kí ọ̀kan máa ṣe ẹ̀dà èkejì. Mo ti wo Samsung 870 EVO, mo wo 870 QVO tí owó rẹ̀ rọjú díẹ̀, mo wo WD Red SA500. Ẹni tó ń tajà ní kí n má fi àkókò mi ṣòfò, pé NVMe, irú SSD tó yára jù, ni kí n lọ rà, pé ó fi ìlọ́po mẹ́fà yára jù wọ́n lọ. Kí lẹ rí sí i?

Jagunlabí

Ra háàdì dísìkì, kí o lọ sùn.

BàbáSẹ́fà

Má dá Jagunlabí lóhùn, bó ṣe ń ṣe sí gbogbo ayé nìyẹn.

Àbúrò, kí a tó dé orí SSD, jẹ́ ká wo wáyà tó so sẹ́fà rẹ mọ́ ráútà. Gigabit ni ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ara HP yẹn. Ìyẹn 1,000 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pín in sí mẹ́jọ, ó di 125 megabyte. Nígbà tí gbogbo ẹni tó ń gba owó oríta bá ti gba tiwọn lójú ọ̀nà, nǹkan bí 110 ló máa dé ọwọ́ rẹ. SSD onísátà (SATA, irú mẹ́ta tí o dárúkọ yẹn) tó dára ń ka 550. NVMe lè ka 3,500. Ṣé o rí i? Táǹkì ńlá lo fẹ́ gbé sórí òrùlé, páìpù tó wọlé kò sì nípọn ju ìka lọ. Garawa rẹ kò ní tètè kún ju bó ṣe ń kún tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ Wi-Fi ni ìyàwó rẹ ń lò, tirẹ̀ tún falẹ̀ ju bẹ́ẹ̀. Kódà bí o bá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí 2.5 gigabit, nǹkan bí 280 lo máa rí, SATA ṣì máa fi ọwọ́ òsì gbé e.

Ohun tí SSD máa ṣe fún ọ kì í ṣe eré sísá. Iná ni. Háàdì dísìkì ńlá, onínṣì 3.5, ń jẹ tó wáàtì 6 bó bá ń yí. Méjì jẹ́ 12. Bí iná bá lọ ní aago méje alẹ́ tí kò dé títí di méje àárọ̀, 144 Wh ni wọ́n ti mu nínú bátìrì rẹ, a ò tíì ka HP fúnra rẹ̀. SSD méjì tó jókòó jẹ́jẹ́ láìsí iṣẹ́ kò lè jẹ ìdá mẹ́wàá ìyẹn.

Ó ku EVO àti QVO. TLC ni EVO, òun náà ni SA500. QLC ni QVO. Bí wọ́n ṣe ń kó dátà sínú yàrá kéékèèké inú SSD ni orúkọ méjèèjì ń sọ. Wo ilé elérò púpọ̀: nínú TLC, ènìyàn mẹ́ta ló ń gbé yàrá kan, nínú QLC, mẹ́rin. Owó ilé dín kù lóòótọ́. Àmọ́ bí ẹnì kan bá wọlé dé lóru, gbogbo wọn á dìde kó tó rí ibi tẹ́ ẹní sí. Bí QLC ṣe ń falẹ̀ nìyẹn nígbà tí a bá ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Samsung fúnra wọn fọwọ́ sí 1,200 TBW fún EVO 2 TB, wáráńtì ọdún 5. QVO 2 TB, 720 TBW, ọdún 3. TBW ni àpapọ̀ ohun tí a lè kọ sí i, ní TB, kí wáráńtì tó parí. EVO ni kí o rà.

Ẹlẹ́rọ_Ẹ̀gbá

Ọ̀gá mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi TBW dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó ń ya fọ́tò òde, ká ní ó ń kọ 30 GB lójoojúmọ́, láìyọ Ọjọ́ Ajé sílẹ̀. 720 TB yẹn máa gbé e fún 24,000 ọjọ́. Ìyẹn ju ọdún 65 lọ! Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló máa wá sin QVO náà. Fọ́tò ni, ẹ̀ẹ̀kan la ń kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la ń wò ó. Irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe QLC fún gan-an nìyẹn.

BàbáSẹ́fà

Mo gbọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́, tó fẹ́ da 1.3 TB sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? QVO 2 TB ní ibi ìgbàlejò kan níwájú, tí nǹkan ti ń yára wọlé. 78 GB ni ibẹ̀ gbà. Tó bá ti kún, ó já sí 160 MB nìyẹn.

Ẹlẹ́rọ_Ẹ̀gbá

160 ju 110 lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ 110 sókè níbẹ̀ yẹn. 😄

BàbáSẹ́fà

O mú mi. Ti 1 TB ló ń já sí 80, òun ló wà lọ́kàn mi. Ó dáa, lórí wáyà gigabit, QVO 2 TB kò ní dá a dúró.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí kì í gba orí wáyà kọjá. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kú, tí a sì fi tuntun rọ́pò, inú ẹ̀rọ níbẹ̀ ni ẹ̀dà á ti máa lọ. 1.3 TB lórí 160, ó ju wákàtí méjì lọ. EVO á ti ṣe tán kí wákàtí kan tó pé. Gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ. Mi ò sọ pé QVO burú, mo ní bí owó bá tó, kó ra EVO.

ÌyáÌbejì_Leeds

Ẹ kú àríyànjiyàn o. Láti òkè lẹ ti ń sọ eré sísá, kò sí ẹni tó bi Ayọ̀ léèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ gbì.

Sẹ́fà ni iṣẹ́ mi níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kò sí ohun tó ń jókòó sójú kan nínú SSD. Ó ń kó ẹrù káàkiri kí apá kan má baà gbó ju ìyókù lọ. Ó wá ní ìwé kan tó fi ń rántí ibi tó kó oníkálukú sí, bí ìwé gbèsè ìyá olónjẹ. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, díẹ̀ nínú ìwé yẹn ṣì wà lórí RAM kékeré tó wà nínú rẹ̀, kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iná bá lọ, díẹ̀ yẹn lọ nìyẹn. SSD tó bá mọ iṣẹ́ á wá bó ṣe máa tún ìwé rẹ̀ tò nígbà tí iná bá dé. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n, kọ̀ǹpútà kò ní rí i mọ́ láéláé, tàbí kó jí kó máa pe ara rẹ̀ ní 0 GB.

Àwọn tí wọ́n ṣe fún ilé iṣẹ́ ńláńlá ní ọ̀wọ́ kapásítọ̀ lára. Iná tó wà nínú kapásítọ̀ yẹn tó fún un láti kọ ìyókù ìwé sílẹ̀ kó tó kú. Intel DC S3700 tó jáde ní 2012 ní in, àwọn tó ṣe é sì ní èèyàn lè kún un láti ìsàlẹ̀ dé òkè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún. Samsung PM863a náà ní in, Micron 5200 àti 5300 pẹ̀lú. Níbí, ilé iṣẹ́ máa ń pààrọ̀ wọn, wọ́n á tà wọ́n ní tòkunbọ̀ nígbà tí wọn ò tíì lo ìdá mẹ́wàá ẹ̀mí wọn. Irú rẹ̀ ló wà nílé mi.

Ọ̀rọ̀ méjì fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Àkọ́kọ́, kó rí i pé SATA ni, kì í ṣe SAS. Wọ́n jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n SAS kò ní wọ ihò ara HP Ayọ̀. Ìkejì, ẹ ṣọ́ firmware, ètò tó wà nínú SSD fúnra rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2019, HPE, ilé iṣẹ́ tó ń ta sẹ́fà, kéde pé àwọn kan nínú SSD oní-SAS tí àwọn ń tà máa kú bí wọ́n bá ti pé 32,768 wákàtí lórí iná. Ọdún 3, ọjọ́ 270, wákàtí 8. Àṣìṣe inú firmware ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì ṣeé gbà padà. Ní oṣù kẹta 2020 wọ́n tún kéde òmíràn, ti 40,000 wákàtí. Ẹ wò ó ná: bí o bá ra méjì lọ́jọ́ kan náà, tí o tan wọ́n lọ́jọ́ kan náà, wákàtí kan náà ni wọ́n máa kú. Ẹ̀dà ò wá wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, Ayọ̀, má ra ìbejì. Èmi ìyá ìbejì ni mo wí bẹ́ẹ̀.

AyọFótò

Màámi, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á wo àwọn ìbejì yín. Mi ò mọ ẹni tó lè gbé tòkunbọ̀ irú yẹn wá fún mi, tuntun ni mo máa rà níbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná yẹn bà mí níbi tó ń dùn mí. Bí iná ìjọba bá lọ, HP kì í mọ̀, ínfátà ti gbà á. Aago mẹ́rin ìdájí ni wàhálà. Bátìrì á tán, ínfátà á ké pìì-pìì-pìì, ilé á ṣú. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí, ojú oorun ni mo wà.

Ẹlẹ́rọ_Ẹ̀gbá

Ẹni tó bá ní UPS (àpótí bátìrì kọ̀ǹpútà) tó ní wáyà USB, kó gbé NUT, ètò tó ń gbọ́ ohùn UPS, sórí sẹ́fà, UPS á sọ fún un pé agbára ń tán, á sì rọra pa ara rẹ̀. Ínfátà tèmi kò ní ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀, ó dájú pé tìrẹ náà kò ní.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo ní ráútà àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Mo fi í sí ihò iná tí ínfátà kò gbé, wáyà kan ló so ó mọ́ ráútà gidi. Kò níṣẹ́ méjì ju kó máa jẹ́ "ẹ wọlé" lọ. Sẹ́fà ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí kò bá dáhùn fún wákàtí mẹ́rin, sẹ́fà mọ̀ pé iná ti lọ tipẹ́, ó ń pa ara rẹ̀ kí bátìrì tó dákú. Ẹ rántí pa DHCP (iṣẹ́ pípín nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ráútà àtijọ́ yẹn o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, baálé méjì lẹ fi sínú ilé kan.

BàbáSẹ́fà

Ọmọ Ẹ̀gbá! Mo dárí 160 jì ọ́.

Òjíṣẹ́Páì

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, àti SSD méjì lórí USB kò lè ṣe iṣẹ́ yìí? Kì í jẹná rárá.

BàbáSẹ́fà

Ó lè ṣe é dé ibì kan. Gbogbo ihò USB Pi 4 lápapọ̀ kò lè fúnni ju 1.2 A lọ, SSD méjì tó ń kọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ún tán. Ọ̀pọ̀ àpótí USB kì í sì í jẹ́ kí TRIM kọjá, SSD kò wá ní mọ ohun tí o ti pa rẹ́. HP wà nílẹ̀, kó lo HP.

Tòkunbọ̀Tech

Mo ń ṣe kọ̀ǹpútà, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún Ayọ̀ kó tó sanwó. Lọ́dún kan, mo ra ohun tí wọ́n pè ní SSD alágbèéká 4 TB. Owó rẹ̀ dára jù, ó yẹ kí ara ti fu mí. Kọ̀ǹpútà kà á ní 4 TB lóòótọ́. Mo kó fídíò oníbàárà sí i, mo ṣí i lọ́jọ́ kejì, òfìfo ni gbogbo fáìlì. Nígbà tí mo tú u, memory card kékeré kan ni wọ́n fi gúlúù lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ kan kó lè wúwo lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, laptop mi tó ń lo Linux ni mo máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Màá sọ fún wọn pé mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó. Ẹni tí ọjà rẹ̀ mọ́ kì í bínú. smartctl -a, àṣẹ tó ń ka ìtàn dísìkì, ni àkọ́kọ́. Power_On_Hours gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 tàbí nọ́ńbà kékeré bó bá jẹ́ tuntun. Total_LBAs_Written lára Samsung, sọ ọ́ di ìlọ́po 512, iye báìtì tí wọ́n ti kọ sí i nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wo ẹnu irin tó ń wọ ihò SATA. Bí wákàtí bá jẹ́ 0 tí ẹnu irin sì ti họ yánnayànna, ẹnì kan ti fọ ìtàn rẹ̀ nù. f3probe ni mo fi ń parí rẹ̀. Kò pẹ́ rárá, á sọ bóyá 2 TB náà jẹ́ 2 TB. Ẹ má lò ó sórí ohun tí ẹrù wà nínú rẹ̀ o, ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ yẹra fún SSD onísátà tí kò ní DRAM (RAM kékeré inú rẹ̀ tí ÌyáÌbejì sọ) fún iṣẹ́ sẹ́fà. NVMe lè yá RAM kọ̀ǹpútà lò, onísátà kò lè yá a.

Jagunlabí

Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán? Ó dáa.

SSD méjì tó ń ṣe ẹ̀dà ara wọn kì í ṣe ìfipamọ́. Bí àbúrò Ayọ̀ bá ṣèèṣì pa fódà ìgbéyàwó ẹni kan rẹ́ lórí ọ̀kan, ojú ẹsẹ̀ ló pa rẹ́ lórí èkejì. Bí olè bá gbé HP, ó gbé méjèèjì. Ẹ̀dà kẹta gbọ́dọ̀ wà níbi tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Ẹ̀dà tí à ń jù sínú dúrọ́ọ̀ yìí, ẹ má fi SSD ṣe é. Iná kékeré tí wọ́n há mọ́ inú yàrá yín yẹn ló jẹ́ ìrántí rẹ̀, ó sì ń jò díẹ̀díẹ̀ bí kò bá sí lórí iná, ooru tún ń mú un yára. Ìlànà JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà fún mẹ́mórì, ní kí SSD ilé tí a ti lò títí TBW rẹ̀ pé ṣì di ohun inú rẹ̀ mú fún ọdún kan láìsí iná, ní 30°C. 30°C! Dúrọ́ọ̀ ta ni ní Ìbàdàn ló tutù tó bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta? Tuntun á pẹ́ ju ìyẹn lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kí ló dé tí màá fi fọ́tò ìgbéyàwó ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́?

Háàdì dísìkì kò jẹ irú gbèsè yẹn. Rà á, fi rsync (ètò ìkó fáìlì) kó gbogbo rẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, yọ ọ́, gbé e lọ sílé ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, kí o lọ sùn.

ÌyáÌbejì_Leeds

Jagunlabí, o ò bá ti sọ gbogbo èyí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Jagunlabí

Mo ti sọ ọ́. Ẹ ò béèrè ìdí.

AyọFótò

(Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.) Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti rà á. 870 EVO 2 TB kan, SA500 2 TB kan, kí màámi Leeds má baà bá mi wí. Mo gbé laptop dání lọ bí Tòkunbọ̀Tech ṣe ní. Ẹni àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọjà rẹ̀, mo kí i pé ó dàbọ̀. Ẹnì kejì ló tilẹ̀ bá mi wá ìjókòó.

Btrfs RAID1, tí ọ̀kan ń ṣe ẹ̀dà èkejì, ni mo fi so méjèèjì pọ̀, ó ń yẹ ara rẹ̀ wò lóṣooṣù. Kíkó 1.3 TB sínú rẹ̀ gba odindi alẹ́ kan, ọwọ́ háàdì dísìkì àtijọ́ náà ni ìdádúró wà, kì í ṣe ti SSD. Èyí tó ń ké yẹn, mo rí gbogbo ohun inú rẹ̀ kó àfi fódà méjì, ọ̀kan nínú wọn sì wà lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà. Ìbéèrè kan: kí ló dé tó jẹ́ 1.82 ni mo rí, tí kì í ṣe 2?

Ẹlẹ́rọ_Ẹ̀gbá

Wọn ò rẹ́ ọ jẹ. Ẹni tó ṣe SSD fi 1,000 ka tirẹ̀, kọ̀ǹpútà fi 1,024 ka tiẹ̀. Ṣé o ti tan fstrim.timer, tó ń ṣe TRIM fúnra rẹ̀?

AyọFótò

Mo ti tàn án. Ráútà àtijọ́ tí ẹ ní kí n máa kànlẹ̀kùn rẹ̀ ló fẹ́ sọ mí di wèrè. Lánàá, iná kò sí látàárọ̀, mo tan sẹ́fà lórí ínfátà lọ́sàn-án, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi pa ara rẹ̀. Mo tún tàn án, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Mo ti ń rò pé SSD ni.

Ẹlẹ́rọ_Ẹ̀gbá

Aago àná ló wà lórí rẹ̀. Ó ń ka wákàtí mẹ́rin láti ìgbà tí ráútà dáhùn kẹ́yìn, kì í ṣe láti ìgbà tí o tàn án. Jẹ́ kó máa kọ aago tuntun sílẹ̀ bó bá ti ń jí, yóò fún ọ ní wákàtí mẹ́rin gbáko.

AyọFótò

Ó ti ṣiṣẹ́! Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi.

Jagunlabí

Háàdì dísìkì tó yẹ kó lọ sílé ẹlòmíràn ńkọ́?

AyọFótò

Mo ti kó gbogbo rẹ̀ sí i. Ó ṣì wà nínú báàgì kámẹ́rà mi.

Jagunlabí

Níbo ni báàgì kámẹ́rà wà?

AyọFótò

… Lórí HP.